Owó Orí Fóònù: Bó Bá Há Sójú Ọ̀nà, Ta Ni Yóò Dáhùn?

Lọ́dún 2024, owó tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan sí òmíràn ní Nàìjíríà ju 1,000 tírílíọ̀nù náírà lọ. Ìṣirò NIBSS nìyẹn, ilé iṣẹ́ tí gbogbo báǹkì ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ fowó ránṣẹ́ síra wọn. Lọ́dún tó ṣáájú, nǹkan bí 600 tírílíọ̀nù ni. Ẹni tó bá gbọ́ iye yìí lè rò pé káàṣì ti ń palẹ̀ mọ́. Kò palẹ̀ kankan mọ́. Bí ọdún 2024 náà ṣe ń parí lọ, owó bébà tó wà níta ti ju 5 tírílíọ̀nù náírà lọ, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí títí di ìgbà náà. Ọ̀wọ́n ọjà wà lára ohun tó mú iye méjèèjì wú, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ọjà nìkan kọ́. Tránsífà ń pọ̀, káàṣì náà ń pọ̀, ẹnì kan náà ló sì ń ná méjèèjì: yóò fi fóònù san owó ilé ìwé ọmọ láàárọ̀, yóò fi káàṣì wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án.

Nítorí náà, àríyànjiyàn "káàṣì ló dáa ni àbí tránsífà" kò lè gbé wa débì kan. Ìbéèrè mìíràn ni àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ tú wò. Bí mo bá na káàṣì sí ọ, tí o gbà á, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Tránsífà kì í parí báyẹn. Ó kúrò lọ́wọ́ mi, ó gba báǹkì mi kọjá, ó gba ọ̀dọ̀ NIBSS, ó gba báǹkì tìrẹ, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí a tó ṣẹ́jú, ó ti dé. Ṣùgbọ́n bó bá há sáàárín ńkọ́? Ta ló ni àdánù náà? Títí di òní, ìdáhùn tí ìgboro wa ń fún wa ni pé ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a ló ń gbé e.

Owó tí ojú ò tó kì í ṣe tuntun

Àwọn baba wa ti ná owó tó wúwo rí. Láti erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà ni ọ̀pọ̀ owó ẹyọ ti wá. Òkẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù tó tó ènìyàn kan rù ni. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé ṣílè dé, owó ẹyọ kú, wọn kò sì pààrọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ti kó o jọ. Ó kú mọ́ wọn lọ́wọ́. West African Currency Board, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1912, ló ń tẹ owó fún wa títí CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1959. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan. Lọ́dún 1984, ìjọba ológun Buhari yí àwọ̀ owó padà, wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n sì fún aráàlú ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti kó ti àtijọ́ lọ sí báǹkì. Bí ìjọba bá ti ń pààrọ̀ owó, àwọn tó jìnnà sí ọ́fíìsì ni ìbẹ̀rù máa ń kọ́kọ́ mú.

Síbẹ̀, fífi owó síbi tí ojú ẹni kò tó kì í ṣe nǹkan àjèjì láàárín Yorùbá. Èésú wà, àjọ wà, àwìn wà. Alájọ a máa yí ká ọjà láràárọ̀, a máa gba owó, a máa fagi sí káàdì oníkálukú. Bí oṣù bá parí, yóò dá owó padà, yóò sì yọ ti ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. Títí di òní, ẹni tí orí rẹ̀ bá pé ni a ń fi wé alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó gbàjọ fọ́dún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnì kan dá. Ohun tó mú kí ọjà fọkàn tán irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n mọ ojú rẹ̀, wọ́n mọ ilé rẹ̀, bí kò bá sì yọjú, wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Nígbà tí a bọ́ sórí fóònù, owó wa ṣì wà níbi tí ojú ò tó gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lọ́dọ̀ alájọ. Ẹni tí a óò bi léèrè ni kò sí nítòsí mọ́.

Òfin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oní POS gbé e dé ìta

Ìpìlẹ̀ ohun tí a ń lò lónìí ti wà nílẹ̀ ṣáájú kí òfin tó dé. Lọ́dún 1993 ni wọ́n dá NIBSS sílẹ̀, Interswitch, ilé iṣẹ́ tó ń so ẹ̀rọ ìsanwó àwọn báǹkì pọ̀, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002 tí káàdì ATM fi di ohun gbogbo ayé, lọ́dún 2011 sì ni NIBSS gbé ètò tránsífà ojú ẹsẹ̀ jáde. Oṣù kìn-ín-ní 2012 ni CBN, lábẹ́ gómìnà rẹ̀ nígbà náà, Sanusi Lamido Sanusi, bẹ̀rẹ̀ ìlànà dídín káàṣì kù, ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n sì fi dánra wò. Ẹni tó bá fẹ́ gba káàṣì tó ju 500,000 náírà lọ lójúmọ́ yóò san owó lé e. Lọ́dún 2013 wọ́n gbé e dé Ògùn, Kánò, Ábíá, Anámbra, Rivers àti Àbújá. Lọ́dún 2014 ó kárí gbogbo ìpínlẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni nọ́ńbà BVN dé, tó so gbogbo àkáǹtì ẹnì kan pọ̀ mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn olówó àti ilé iṣẹ́ ńlá ni òfin yìí kọ́kọ́ kàn. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà kò mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni tábìlì kékeré kan lábẹ́ agboòrùn, àga méjì àti ẹ̀rọ POS kan. CBN ti ṣe ìlànà lọ́dún 2013 pé báǹkì lè ní aṣojú láàárín ìgboro, ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ owó orí fóònù dé, OPay lọ́dún 2018, PalmPay lọ́dún 2019, tí Moniepoint náà sì fọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ káàkiri, ni igun àdúgbò kọ̀ọ̀kan wá ní oní POS tirẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe kí ènìyàn má baà nílò káàṣì mọ́ ló wá di ibi tí a ti ń ra káàṣì. Ilé báǹkì jìnnà, ìlà gùn, ATM kò lówó nínú. Ẹ wo bí oní POS ṣe ń ṣe é. Kò lè máa gba káàṣì ní báǹkì lójoojúmọ́, nítorí náà ó lọ bá àwọn tí káàṣì ń wọlé fún: ilé epo, ṣọ́ọ̀bù ńlá, ìyá alátẹ. Ó fi tránsífà gba káàṣì ọwọ́ wọn, nígbà mìíràn ó fi nǹkan díẹ̀ lé e. Ó wá jókòó, ó ń tà á fún àwọn tó ní owó nínú fóònù tí wọn kò ní lápò. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, 100 náírà ni lórí 5,000. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Olówó tó ní mọ́tò yóò wà á lọ sí ATM báǹkì rẹ̀, yóò gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń gba 5,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí pé ìyẹn ló ní, òun ló ń san ìdá méjì.

Síbẹ̀, ará àdúgbò fẹ́ràn oní POS wọn ju báǹkì lọ, ìdí rẹ̀ sì hàn. Bí tránsífà bá há, wọ́n á lọ bá a: "Àǹtí, owó mi ò tíì wọlé o." Yóò tẹ fóònù wò, yóò kọ orúkọ wọn sínú ìwé, yóò ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Ó ní ojú, ó ní ilé. Ipò alájọ ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n owó tí alájọ ń dáhùn fún, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló wà. Owó tí oní POS yìí ń dáhùn fún wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìrọ̀rùn tí kò ṣeé sẹ́

Ẹni tó ti wọ danfo l'Ékòó mọ ogun ṣéńjì. Kọ́ńdọ́ á so ẹni mẹ́ta pọ̀ mọ́ bébà kan, á ní kí wọ́n lọ pín in nílẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí kò mọra rí á wá máa wá ibi tí wọn yóò ti ṣẹ́ owó. Káàdì Cowry, tí wọ́n fi ń wọ BRT àti ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023, ti pa ogun yẹn rẹ́ fún àwọn tó ń gba ọ̀nà náà. Danfo ṣì ń bá káàṣì lọ, àmọ́ àwọn kọ́ńdọ́ kan ti ń pe nọ́ńbà àkáǹtì fún èrò kí ọkọ̀ tó dé bọ́sítọ́ọ̀pù.

Oníṣòwò tó ń ti Ìbàdàn lọ ra àlùbọ́sà ní òkè Ọya kò nílò àtidi owó sínú tòbí mọ́. Ọmọ tó wà l'Ékòó lè fowó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì lálẹ́ kó sì dé kí oúnjẹ tó jinná. Kò sí pé a ń bẹ dírẹ́bà mọ́. Àwọn ọmọ wa kan sì ti rí iṣẹ́ ńlá ṣe nínú rẹ̀. Shola Akinlade àti Ezra Olubi, tí wọ́n jọ kàwé ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ, ni wọ́n dá Paystack sílẹ̀ kí àwọn oníṣòwò lè gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2020, ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà rà á ní owó tó ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Òde àríyá nìkan ni ọ̀rọ̀ ti lọ́ díẹ̀. Òfin CBN ti ọdún 2007 sọ níná owó sí ènìyàn lórí di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà ni, tàbí méjèèjì. Fún ọdún púpọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka òfin náà sí, títí di ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní oṣù kẹrin 2024. Láti ìgbà náà, òmíràn ń fi owó sínú àpòòwé, òmíràn ń fi tránsífà ránṣẹ́ sí olórin lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n ìlù kì í gbọ́ alẹ́ẹ̀tì. Owó tí gbogbo ojú rí nígbà tí a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí, oríkì ló ń fà jáde lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ yẹn ni fóònù kò tíì lè ṣe.

Ọdún tí a fi owó ra owó

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fi tipá lé káàṣì jáde, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni kó lọ wò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2022, Godwin Emefiele tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà kéde pé 200, 500 àti 1,000 náírà yóò yí padà. Ó ní nínú 3.23 tírílíọ̀nù náírà tó wà níta, 2.73 tírílíọ̀nù ni kò sí nínú àpótí báǹkì kankan. Owó tuntun jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, wọ́n sì dá ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní 2023 fún ti àtijọ́ láti kú. Nígbà tó ku díẹ̀, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì.

Ti àtijọ́ wọlé sí báǹkì, tuntun kò jáde tó. Nígbà tó fi di oṣù kejì, káàṣì tó wà lóde gbogbo Nàìjíríà kò tó 1 tírílíọ̀nù náírà mọ́. Àwọn ènìyàn ń sùn níwájú ATM. Ẹni tó fẹ́ 10,000 lọ́wọ́ oní POS ń san 2,000 tàbí 3,000 lé e. Wọ́n wọ́de ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní Ṣágámù, wọ́n dáná sun ilé báǹkì. Àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ kan gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì dá a pé kí owó àtijọ́ máa jẹ́ owó títí ọdún náà yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún mú gbèdéke yẹn kúrò.

Ní oṣù wọ̀nyẹn, tránsífà pọ̀ ju bó ṣe wà rí lọ, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Àmọ́ ìgbà náà gan-an ni ẹ̀rọ báǹkì kò lè gbé ẹrù náà. Owó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rà, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà. Aláta gbé ata rẹ̀ sílẹ̀ kó rọ, nítorí ẹni tó fẹ́ rà á kò ní bébà lọ́wọ́, tránsífà rẹ̀ kò sì wọlé. Àwọn tó ní OPay, PalmPay tàbí Moniepoint rí i pé tiwọn ń yá díẹ̀, ìròyìn yẹn sì ràn káàkiri ọjà ju ìpolówó èyíkéyìí lọ.

Àwọn tó ṣe ètò náà lè sọ pé ó ṣiṣẹ́, nítorí tránsífà kò padà sẹ́yìn mọ́. Òótọ́ ni. Òótọ́ kejì ni pé kí ọdún 2023 tó parí, káàṣì tó wà níta ti ju iye tó wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé aráàlú kọ́ ẹ̀kọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: kí wọ́n mọ fóònù lò, kí wọ́n sì máa fi káàṣì pamọ́ sílé, nítorí báǹkì tó ní owó wọn lè sọ lọ́jọ́ kan pé òun kò ní bébà láti fún wọn.

Àdánù wẹ́wẹ́ ojoojúmọ́

Ọdún 2023 ti kọjá, ohun tó fi hàn kò kọjá. Ẹ lọ sí ilé oúnjẹ kan lọ́sàn-án. Ọmọkùnrin kan jẹ ìrẹsì 1,500 náírà, ó tẹ fóònù. "Mà, ó ti kúrò lọ́dọ̀ mi." Ìyá olóúnjẹ wo tirẹ̀. "Kò tíì wọlé, ọmọ mi. Dúró díẹ̀ ná." Ọmọkùnrin náà ní ibi iṣẹ́ tó ń lọ. Bí ìyá bá jẹ́ kó lọ, tí owó kò sì dé, ìyá ló jẹ gbèsè. Bí ó bá ní kó san káàṣì, tí ti àkọ́kọ́ sì wá wọlé lálẹ́, ọmọ ló san ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn báǹkì méjèèjì tí owó há sáàárín wọn kò sí níbẹ̀, wọn kò sì pàdánù kọ́bọ̀.

Inú àlàfo yìí ni olè ń bá wọlé. Áàpù tó ń ṣe alẹ́ẹ̀tì ayédèrú wà, tó ń fi hàn bí ẹni pé owó ti lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń kọ̀ láti gba ohun tó wà lójú fóònù oníbàárà gbọ́. Àkáǹtì tiwọn ni wọ́n ń wò. Olè mìíràn á jí fóònù, á yọ síìmù rẹ̀, á fi nọ́ńbà USSD kó owó inú rẹ̀ kí olóhun tó débi tí yóò ti pe báǹkì. Nígbà mìíràn kò sí olè rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, iṣẹ́ báǹkì púpọ̀ sì dúró ní Nàìjíríà. Ẹni tó ní káàṣì lápò lọ́jọ́ náà jẹun.

A kò lè sọ pé òfin kò sí. Ní oṣù kẹfà 2020, CBN pàṣẹ pé bí ATM báǹkì ẹni bá yọ owó láìsanwó, ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n dá a padà. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti dá a padà fúnra rẹ̀, kó má ju wákàtí 24 lọ. Bí ó bá jẹ́ ATM báǹkì mìíràn, wákàtí 48. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ POS, wákàtí 72. Òfin tó dáa ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó pàdánù ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin náà wà, òun ni yóò kọ̀wé, òun ni yóò tò sórí ìlà, òun ni yóò padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ìyá olóúnjẹ tí 1,500 rẹ̀ há kò ní í ti ilé oúnjẹ rẹ̀ pa nítorí rẹ̀. Owó náà á kú síbẹ̀.

Ṣáàjì sì ń gorí ara wọn. Tránsífà tí kò ju 5,000 lọ, 10 náírà. Tó bá wà láàárín 5,001 àti 50,000, 25 náírà. Tó bá ju bẹ́ẹ̀, 50 náírà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ tuntun kan ń fi tiwọn jì. Ìjọba ní 50 náírà tirẹ̀ lórí èyí tó bá tó 10,000. USSD, tí ẹni tí kò ní fóònù ńlá ń lò, 6.98 náírà ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2021, lẹ́yìn tí báǹkì àti àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ti jà sí i. Láti oṣù kẹta 2025, ẹni tó bá gba owó ní ATM báǹkì mìíràn ń san 100 náírà lórí 20,000. Lọ́dún 2024, CBN tún fẹ́ máa yọ ìdá àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fún ààbò orí ẹ̀rọ. Ariwo tí aráàlú pa ló mú kí wọ́n gbé e kúrò. Kò sí èyí tó pọ̀ nínú wọn bí a bá wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi 2,000, 3,000 ṣòwò ló mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ èrè.

Bí àwọn mìíràn ṣe dáhùn

Kẹ́ńyà ló kọ́kọ́ fi hàn ní Áfíríkà pé kò di dandan kí ènìyàn ní báǹkì kó tó lè fowó ránṣẹ́. M-Pesa ti ilé iṣẹ́ fóònù Safaricom bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007. Ní Tógò, nígbà àrùn kòrónà lọ́dún 2020, ìjọba fi ètò Novissi san owó ìrànwọ́ sórí fóònù àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró: 12,250 fùránkì lóṣù fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin. Sweden, tí wọ́n máa ń tọ́ka sí pé káàṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí níbẹ̀, ti tún ń gba aráàlú níyànjú kí wọ́n ní káàṣì díẹ̀ nílé nítorí ọjọ́ ogun tàbí ọjọ́ tí iná bá lọ. Ìlú New York sì ṣòfin lọ́dún 2020 pé ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ kọ káàṣì lọ́wọ́ oníbàárà.

Orílẹ̀-èdè méjì ló dáhùn ìbéèrè wa gan-an. Àkọ́kọ́ ni Bùràsíìlì. Ní oṣù kọkànlá 2020, báǹkì àpapọ̀ wọn fúnra rẹ̀ gbé Pix jáde: tránsífà ojú ẹsẹ̀, tọ̀sán tòru, ọ̀fẹ́ ni fún aráàlú. Lónìí, ìyá tó wọ aṣọ funfun tó ń din acarajé, àkàrà tiwa yìí, ní ìgboro Salvador, Pix ló ń gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí olè wọ inú rẹ̀, báǹkì àpapọ̀ náà tún ṣètò lọ́dún 2021 pé bí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì bá fi ẹjọ́ sùn, báǹkì tí owó lọ gbọ́dọ̀ sé e mọ́ inú àkáǹtì tó wà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì dá èyí tó bá ṣẹ́ kù padà.

Ìkejì ni Bírítéènì, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé. Láti oṣù keje 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba káàṣì mọ́. Ará Peckham tó bá gbàgbé káàdì àti fóònù rẹ̀ sílé yóò fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023 sọ pé káàṣì gbọ́dọ̀ wà nítòsí fún ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2024, bí wọ́n bá fi ẹ̀tàn mú ẹnì kan fi tránsífà ránṣẹ́ sí olè nínú orílẹ̀-èdè náà, báǹkì gbọ́dọ̀ dá owó rẹ̀ padà, tó fi dé 85,000 pọ́n-ùn, àyàfi tó bá jẹ́ pé àìbìkítà olówó náà ti pọ̀ jù. Báǹkì tó fi ránṣẹ́ àti báǹkì tó gbà á ni yóò jọ pín in ní ìdajì-ìdajì. Ẹ kíyè sí ìdajì kejì yẹn. Báǹkì tó jẹ́ kí olè ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ rẹ̀ náà ń san. Nígbà tí àdánù bá dé ọrùn ẹni tó lè dí ihò, ihò á di dídí.

Ibi tí ó yẹ kí a dúró sí

Kò sí ẹni tó ń dá wa padà sí òkẹ́ owó ẹyọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fi tipá lé káàṣì lọ. Ohun tó kù ni kí a gbé àdánù kúrò lọ́rùn ìyá olóúnjẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, gbèdéke ọdún 2020 yẹn gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀. NIBSS mọ tránsífà tó kúrò tí kò dé. Ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n lè dá a padà. Báǹkì tó bá jẹ́ kó pẹ́ kọjá gbèdéke yẹ kó san owó ìtanràn fún olówó, kì í ṣe fún ìjọba. CBN sì yẹ kó máa gbé iye tránsífà tó há ní báǹkì kọ̀ọ̀kan jáde lóṣooṣù, kí ọjà lè mọ ibi tí yóò kó owó sí. Ẹ ti rí ohun tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́dún 2023.

Lọ́nà kejì, kí òfin ìdajì-ìdajì ti Bírítéènì wà níbí pẹ̀lú, pàápàá fún àkáǹtì tí olè fi gba owó. BVN ti wà láti 2014. A kò lè ní nọ́ńbà tó so mọ́ ìka ọwọ́ àwọn tó ní àkáǹtì kí a tún máa sọ pé a kò mọ ẹni tó gba owó.

Lọ́nà kẹta, kí a mú ṣáàjì kúrò lórí tránsífà kékeré àti USSD. Bùràsíìlì fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Bí ìjọba bá fẹ́ kí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ fi káàṣì sílẹ̀, kó má ṣe máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá fi í sílẹ̀.

Lọ́nà kẹrin, kí káàṣì jẹ́ ẹ̀tọ́ níbi tí ènìyàn kò ti lè dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ilé ìwòsàn, ọkọ̀ èrò, ibi oúnjẹ. Kò yẹ kí aláìsàn máa retí alẹ́ẹ̀tì.

Bí a bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, káàṣì yóò dín kù fúnra rẹ̀, láìsí pé gómìnà CBN kankan kéde ọjọ́ ikú fún un. Bí a kò bá ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú aráàlú pé wọ́n ń kó owó sábẹ́ ẹní. Ẹní kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já, kì í yọ ṣáàjì, owó tó bá sì wà lábẹ́ rẹ̀ lálẹ́ yóò wà níbẹ̀ láàárọ̀. Títí báǹkì yóò fi lè ṣèlérí èyí kó sì mú un ṣẹ, ìpamọ́ abẹ́ ẹní kì í ṣe àìmọ̀kan, ìṣirò ni.